Ṣòkòtò Onífóòmù àti Agbádá Ìkórè

Utrecht, Hóláńdì
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ sì kú ìfaradà iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Bódìjà. Àlàáfíà ni mo wà. Iṣẹ́ ń lọ, òtútù sì ti ń fi wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo gba ohun tí ẹ wí, pé kí á máa kọ lẹ́tà síra wa dípò ká máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ ní etí yín kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, àti pé bí ẹ bá ń pariwo ṣúgà, ṣúgà lórí fóònù, ẹni tó ń ta búrẹ́dì lójú títì yóò mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ń ṣe yín. Kò burú. Í-meèlì náà dára. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Bàbá. Ẹ ò jí nǹkan oníǹkan.

Dókítà yín ní Ring Road ní kí ẹ máa ṣe eré ìdárayá, ẹ ní orúnkún yín kò gba ìrìn gígùn. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló kù. Mo ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn tó ń kó ẹrù wálé, Challenge ni ẹ ó ti gbà á. Níbi tí mo wà yìí, adájọ́ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí kóòtù, ìyá àgbà ń gùn ún lọ ra ẹ̀fọ́, kò sì sẹ́ni tó ń wo ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gùn ún, ẹ dúró tì í, kí ẹ gbé ìjókòó rẹ̀ sókè títí tí yóò fi bá egungun ìbàdí yín dọ́gba, kí ẹ tó wá de nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, orúnkún yín ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ sí táyà kó le bí òkúta. Ọ̀nà wa kò gba ìyẹn, ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ kó lè máa gba kòtò mọ́ra. Bí ẹ bá rí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ti yí jíà kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá ń gbọ̀n. Bíréèkì ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, kí ti iwájú tó tẹ̀lé e, kí kẹ̀kẹ́ má baà gbé yín ṣánlẹ̀. Ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín sókè, pàápàá ti ọ̀tún, torí ọ̀tún ni ṣéènì wà, ó sì máa ń jẹ aṣọ. Ẹ dé akoto tó wà nínú páálí kẹ̀kẹ́ kó bo iwájú orí, ẹ má gbé e sẹ́yìn bíi fìlà ọkọ ìyàwó.

Ṣòkòtò dúdú kan wà nínú páálí náà, òun ni kí ẹ máa wọ̀ gun kẹ̀kẹ́. Ẹ má wọ pátá sábẹ́ rẹ̀. Ẹ forí jì mí pé èmi ọmọ yín ló ń sọ èyí fún yín.

Ọmọ yín,
Kẹ́mi


Bódìjà, Ìbàdàn
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹfà, 2024

Olúkẹ́mi ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí òtútù tó ń fi yín sílẹ̀. Kó máa lọ, kó má ṣe yà sọ́dọ̀ wa. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ lẹ́tà yìí, nítorí náà bí o bá rí ọ̀rọ̀ líle níbẹ̀, mọ̀ pé mo ti ráyè rò ó dáadáa kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Páálí dé. Kẹ̀kẹ́ náà dára, ó fúyẹ́, ó sì ń dán. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Ta ló sọ fún ọ pé mo ti ń tọ̀ sára? Mo tú ṣòkòtò dúdú yẹn wò, mo bá fóòmù tí wọ́n rán mọ́ ọn nídìí, bí èyí tí ìyá rẹ máa ń dì mọ́ ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wò ó títí. Mo ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama, Olúkẹ́mi. Òótọ́ ni pé àìsàn yìí ń jí mi lọ sí ilé ìtọ̀ lóru, ṣùgbọ́n mo máa ń débẹ̀.

O wá tún ní kí n má wọ pátá. Èmi Adéróunmú Dáramọ́lá, tí ìjọ fi jẹ Bàbá Ìjọ, kí n máa yí kiri Bódìjà láìwọ pátá! Mo ti ká a sí ìsàlẹ̀ àpótí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i lẹ́yìn ikú mi.

Mo gun kẹ̀kẹ́ náà ní ẹ̀yìn ilé. Èèyàn kì í gbàgbé. Ní Ìkéré nígbà èwe mi, orí kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń gbé kòkó sí, èmi ni mo sì máa ń gùn ún bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ìjókòó tìrẹ yìí le. Ó ń dùn mí níbi tí n kò lè dárúkọ fún ọ.

Má gbàgbé pé ìdúpẹ́ ọdún kẹwàá tí ìyá rẹ sùn ń bọ̀ ní Oṣù Kejìlá. Mo ti sọ fún Fíkà ìjọ wa. Má jẹ́ kí n dá dúró níwájú pẹpẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.


Utrecht
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ìbínú, sà. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo tún kúnlẹ̀ bí obìnrin. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kí n má purọ́.

Fóòmù yẹn kì í ṣe ti ìtọ̀. Ibi tí ẹ kò lè dárúkọ yẹn gan-an ló wà fún. Gbogbo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ jìnnà ló ń wọ̀ ọ́, títí kan àwọn géndé tó ń díje. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má wọ pátá ni pé ìránṣọ ẹ̀gbẹ́ pátá máa ń ha ara títí yóò fi di egbò, egbò kò sì dára fún ẹni tí ṣúgà ń ṣe. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ wọ ṣòkòtò mìíràn lé e. Ẹ fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́, kí ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ohun mìíràn: ẹ má jáde pẹ̀lú ikùn òfìfo lẹ́yìn tí ẹ bá lo òògùn. Ẹ fi súìtì sápò. Bí òòyì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yín lójú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ lá a, kí ẹ jókòó.

Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ fún Oṣù Kejìlá. A jọ máa dúró níwájú pẹpẹ.

Kẹ́mi yín


Bódìjà
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Keje, 2024

Olúkẹ́mi ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o. Mo gbà pé mo jẹ̀bi lórí ọ̀rọ̀ ṣòkòtò. Fóòmù náà ń ṣiṣẹ́. Mo ń wọ ṣòkòtò kákí lé e, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Láàárọ̀ ni mo ń jáde. Mo ń gba inú ẹ̀sìtéètì, mo ń yẹra fún ọ̀nà ọjà, mo ń kọjá ẹnu ọ̀nà Yunifásítì dé Agbowó, kí n tó yí padà. Ìmọ̀ràn rẹ lórí jíà dára, ṣùgbọ́n o ti gbàgbé Ìbàdàn. Òkè kan kì í tán kí òmíràn má bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi kì í kúrò lórí jíà yẹn. Ti táyà, òótọ́ lo sọ. Ti ìbọ̀wọ́ tí o fi sínú páálí, ìnáwó lásán ni, ọwọ́ olùkọ́ ti yi láti inú ṣọ́ọ̀kì. Iná pupa ẹ̀yìn yẹn ló dára jù. Àwọn oní-Márúwá rò pé ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni mí, wọ́n ń yà fún mi. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní ṣúgà ti lọ sílẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Mark, tí mo kọ́ ní jọ́gíráfì, rí mi ní Agbowó. Ó dá jíìpù rẹ̀ dúró, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Sà, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ yín?" Mo ní ọkọ̀ wà nílé. Ó mi orí, ó ní Ọlọ́run yóò ṣe é. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti gbé kẹ̀kẹ́ sínú búùtù, ó sì gbé mi wálé tipátipá. N kò lè máa ka ìwé dókítà fún ọmọ tí mo kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀. Mo dúpẹ́, mo wọlé.

Kódà àwọn ará ìjọ ti ń kí mi pé ẹ kú ìrọ́jú. Mo ń dáhùn pé adúpẹ́.

Bàbá rẹ.


Utrecht
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Bàbá,

Ẹ káàárọ̀, sà. N kò ní pẹ́ lórí ìkíni.

Láwùmí tí a jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀wé sí mi. Ó rọra bi mí bóyá nǹkan le fún mi níbí ni. N kò mọ ohun tó ń sọ. Ó wá ṣàlàyé. Ó ní àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣèrànwọ́ fún aláìní nínú ìjọ gbé ìrẹsì àti òróró wá sílé yín, Ìyáàfin Ọlọ́runtóyìn ló ṣáájú wọn, ẹ sì fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú kejì, Fíkà gbàdúrà fún Bàbá Dáramọ́lá tí ọmọ rẹ̀ gbàgbé sójú títì lórí kẹ̀kẹ́. Ó dárúkọ mi. Ó ní kí Ọlọ́run yí ọkàn òkúta padà. Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Láwùmí ní òun bojú wẹ̀yìn wò yín, ẹ̀yin náà ṣe Àmín.

Kẹ̀kẹ́ tí mo rà fún ìlera yín ni wọ́n fi ń gbàdúrà lé mi lórí, ẹ sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ẹ ì bá sọ. Ẹ ò sọ ọ́.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí mo kà á. Mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ojú tì mí bí ẹni pé mo ṣe é lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bóyá mo ṣe é, bóyá lẹ́tà mi kò tó, bóyá ó yẹ kí n ti wálé.

N kò ní wá ní Oṣù Kejìlá. Báwo ni mo ṣe máa rìn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn? Kí àwọn tó ṣe Àmín máa dì mọ́ mi? Ẹ bá mi dúró níwájú pẹpẹ fún Màmá. Ẹ forí jì mí.

Olúkẹ́mi


Utrecht
Ogúnjọ́, Oṣù Kẹwàá, 2024

Bàbá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò fèsì. Mo pè, ẹ ò gbé e. Bó bá jẹ́ ìbínú ni, ẹ bínú sí mi kí n gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ara ni kò le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún èmi náà.

N kò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí wíwá. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn.

Kẹ́mi


Bódìjà
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2024

Olúkẹ́mi ọmọ mi,

Mo kí ọ. N kò mọ bí bàbá ṣe ń kí ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀, nítorí náà mo fi ìkíni mọ síbẹ̀.

Lẹ́tà rẹ kò bí mi nínú. Ojú ló tì mí. Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́, mo tún kọ. Lẹ́yìn náà ni ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, n kò rí ohun tó wà lórí fóònù mọ́. Ìrẹsì ni. Mo jẹ ìrẹsì ìjọ. Má pariwo, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo rò ó pé kí n gbé e fún ará ilé kejì, ṣùgbọ́n wọn yóò bi mí ibi tó ti wá, wọn yóò sì bi mí ìdí tí èmi kò fi jẹ ẹ́. Kí n dà á nù, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo wá ń sè é díẹ̀díẹ̀, mo ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ yàrá bí olè. Gbogbo ṣúgà tí kẹ̀kẹ́ rẹ mú wálẹ̀, ìrẹsì náà gbé e padà sókè. Dókítà bi mí ohun tí mo ń jẹ, mo ní ẹ̀wà ni. Nígbà tí ojú kò ríran mọ́, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó yí òògùn mi padà. Ojú ti ń là bọ̀ báyìí.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí Láwùmí kò sí níbẹ̀. Ìyáàfin Ọlọ́runtóyìn kúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi, ó ní, "Sà, ṣé Kẹ́mi ń pè yín ṣá?" Mo sì dáhùn pé, "Ó ń gbìyànjú."

Ó ń gbìyànjú! Ìwọ tí o ń bi mí léèrè ohun tí mo jẹ láàárọ̀. Gbólóhùn yẹn ni mo fi tà ọ́. O mọ̀ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń gbọ́ irú rẹ̀. Ìyáàfin náà mí kanlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ti tán. Mo mọ̀ nígbà tó ń jáde lẹ́nu mi pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ gbàgbé, àánú rẹ̀ ló ń ṣe èèyàn. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n á máa wò, bóyá wọ́n ti gé e. Mo yan àánú, orúkọ rẹ ni mo sì fi rà á. Mo ṣe Àmín náà lóòótọ́. Mo ṣe é jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, èmi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ikú ní ṣíbí ṣíbí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni Ìkórè. Mo pinnu pé kẹ̀kẹ́ ni n ó gùn lọ, kí n lè dìde sọ òtítọ́ nígbà ìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í wọ ṣòkòtò péńpé lọ sí Ìkórè. Mo gbé agbádá sányán jáde, èyí tí ìyá rẹ rán fún mi. Mo rántí ìkìlọ̀ rẹ lórí ẹsẹ̀ ṣòkòtò àti ṣéènì. Èmi olùkọ́, mo ṣe é dé góńgó. N kò wulẹ̀ ká a sókè, n kò wọ̀ ọ́ rárá. Mo di ṣòkòtò sányán náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ pé bí mo bá dé, n ó yà sí fẹ́síríì, yàrá ìwọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, n ó wọ̀ ọ́. Ṣòkòtò onífóòmù nìkan ni mo wọ̀ sábẹ́ bùbá, mo da agbádá bò ó, mo dé akoto, mo gbéra. O sọ ti ṣòkòtò, o ò sọ ti agbádá.

Mo gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́ dé ẹnu géètì. Ìjọ ti tò síta fún ìwọ́de Ìkórè, akọrin níwájú, Fíkà lẹ́yìn. Bí mo ṣe ní kí n fa bíréèkì ni agbádá wọ inú ṣéènì. Ó kọ́kọ́ fà mí léjìká bí ẹni ń pè mí, ó wá fà mí lulẹ̀ gbì. Mo wà lórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú gbogbo wọn, táyà ṣì ń yí. Wọ́n fa aṣọ títí, kò yọ. Ìyáàfin Ọlọ́runtóyìn ló sáré mú àlùmágàjí wá, èyí tí wọ́n fi ń gé ọ̀ṣọ́ Ìkórè. Wọ́n gé sányán ìyá rẹ kúrò lára mi. Wọ́n fà mí dìde. Mo bojú wẹ̀yìn fún ṣòkòtò mi, ó ti já bọ́ lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni mo dúró níwájú ìjọ Ọlọ́run, bùbá kò bo ìdí tán, ṣòkòtò dúdú lẹ̀ mọ́ mi lára, tòun ti fóòmù rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ìyáàfin Ọlọ́runtóyìn bú sẹ́kún. Ó ní, "Ẹ wo ohun tí Kẹ́mi sọ bàbá rẹ̀ dà."

Mo ní, "Kẹ́mi ló ra kẹ̀kẹ́ yìí fún mi. Òun ló ra ṣòkòtò yìí. Ọkọ̀ mi wà nílé. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe mí, ojú ló ń tì mí láti sọ, ni mo fi jẹ́ kí ẹ máa fi ọmọ mi gbàdúrà."

O mọ̀ pé etí mi kò gbọ́ràn. Ohùn mi lọ sókè ju bí mo ṣe rò lọ, àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró. Ohun tí mo sá fún lórí fóònù ni mo fẹnu ara mi kéde fún Bódìjà.

Ìyáàfin náà sún mọ́ mi, ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́ létí pé ìrẹsì tí àwọn gbé wá ńkọ́. Mo ní mo jẹ ẹ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Bàbá Ayẹni, tí a jọ máa ń jókòó lórí àga kan náà, bọ́ agbádá tirẹ̀, ó dà á bò mí, a wọlé. Ìsìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì kí Bàbá Ayẹni tó fẹnu mọ́ etí mi kan tó ṣì ń gbọ́ràn díẹ̀, ó bi mí bóyá wọ́n ní ìwọ̀n òun nínú ṣòkòtò onífóòmù yẹn. N kò bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Fíkà dárúkọ rẹ láti orí pẹpẹ, ó tọrọ àforíjì. N kò mọ̀ bóyá Àmín ṣe é gbà padà.

Ojú ṣì ń tì mí o, má rò pé ó ti tán. Àwọn akọrin kò lè wò mí kí wọ́n má fi ìwé orin bojú. Ṣùgbọ́n ìtìjú tèmi ni báyìí, kì í ṣe tìrẹ mọ́.

Mo ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan ní Agbowó, aláwọ̀ ewé. Mo ti tún bíréèkì rẹ̀ ṣe, mo ti fi òróró sí ṣéènì, mo sì ti fi páànù bo ṣéènì náà nítorí aṣọ. Ìjókòó rẹ̀ ló kù. O ní kó bá egungun ìbàdí dọ́gba. Mo dúró tì í láàárọ̀ yìí, mo ń gbìyànjú láti rántí ibi tí ìbàdí rẹ dé lára mi. N kò rántí. Ó ti pẹ́ tí o ti dúró tì mí.

N kò ní kí o wá. N kò lẹ́nu rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé n kò tíì de nọ́ọ̀tì náà. Sípánà wà lórí tábìlì.

Bàbá rẹ,
Adéróunmú


Utrecht
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu ìṣubú. Ẹ kú ewu ojú.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, ẹni tó jókòó tì mí dìde lọ síbòmíràn. Nígbà tí Láwùmí kọ̀wé sí mi, orúkọ mi ni mo kọ́kọ́ rò. N kò bi í bóyá ara yín le. Ìyẹn ń tì mí lójú ju àdúrà wọn lọ.

Ẹ wọn ìbàdí Bàbá Ayẹni ránṣẹ́ sí mi kí n tó di ẹrù. Ẹ má jẹ ìrẹsì ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ má de nọ́ọ̀tì náà.

Kẹ́mi yín